Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé àti Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ fún Aboyún

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ kíláàsì àgbà sọ ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́)

   

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú yín bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, wọ́n ní kí aboyún máa sinmi. Wọ́n tún ní kí aboyún má jókòó sójú kan. Èwo ni ká ṣe nínú méjèèjì?" Ìbéèrè yìí dára. Òun ni a fẹ́ dáhùn lónìí.

Ìdáhùn wa kò gùn. Iṣẹ́ wúwo kò yẹ aboyún. Jíjókòó lásán láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò sì ṣe é lóore. Iṣẹ́ kékeré ni ó yẹ ẹ́: ọgbà ní ẹ̀yìnkùlé, àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lórí àga. Ọgbà yóò ran ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ yóò pèsè aṣọ tó mọ́ de ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ kan yé wa kí a tó bẹ̀rẹ̀: oyún ni ọ̀gá, iṣẹ́ ni ọmọ ọ̀dọ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá fẹ́ di ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀JẸ̀

Obìnrin kan wà ní kíláàsì wa nígbà kan. Oyún rẹ̀ ti di oṣù márùn-ún. Bí ó bá ti kàwé díẹ̀, á gbé orí lé tábìlì. Bí ó bá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga rẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Oyún náà ni. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn." A wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó funfun. A wo inú ìpéǹpéjú rẹ̀, ó funfun bákan náà. A bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 8 ni wọ́n rí. Àwọn dókítà sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ aboyún kò gbọdọ̀ kéré sí 11.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọjọ́ ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ á dà. Ẹni tí ó ní púpọ̀ lè fara dà á. Ẹni tí kò ní tó, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó dà lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú lè kéré jù, tàbí kí ó dé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Kí ni ó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aboyún? Nǹkan mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èkíní ni oúnjẹ tí kò ní ohun tí ó ń di ẹ̀jẹ̀ nínú. Èkejì ni ibà tí ẹ̀fọn ń gbé wá. Ẹ̀kẹta ni aràn kéékèèké tí ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara ẹni tí kò wọ bàtà. Inú ìfun ni aràn yìí ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń mu.

Wọ́n fún obìnrin yìí ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lo hóró kan lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú. Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ da oògùn nù. A ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó padà lọ bi nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé irin tí ó wà nínú oògùn náà ló ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, kò sí ewu níbẹ̀. Ó padà sídìí oògùn rẹ̀.

A kò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀fọ́ nìkan lè ṣe iṣẹ́ tí oògùn ṣe. Ṣùgbọ́n oògùn máa tán nínú ike. Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé kì í tán bí a bá ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, obìnrin yìí dá ọgbà.

BÍ A ṢE Ń DÁ ỌGBÀ NÁÀ

Ẹ wá ibi tí oòrùn ń dé, tí kò jìnnà sí ilé ìdáná, tí ó sì jìnnà sí ṣáláńgá. Ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí àwọn ọmọ tó ti dàgbà bá yín ro ilẹ̀, kí wọ́n sì kọ ebè. Kí ìbú ebè má ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí ọwọ́ yín lè dé àárín rẹ̀ láti ọ̀tún àti láti òsì. Ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa pò ó mọ́ ilẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ adìyẹ á jó ewéko.

Bí ẹ kò bá ní ilẹ̀, ẹ má sọ pé kò sí ọ̀nà. Báàfù tó ti jò ń kọ́? Àpò sìmẹ́ńtì tí ó ti ṣófo ń kọ́? Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò, ẹ rọ ilẹ̀ ọlọ́ràá sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e ka orí bẹ́ǹṣì. Èyí tilẹ̀ dára fún aboyún ju ebè lọ, nítorí kò ní bẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí yóò gbé e ka orí bẹ́ǹṣì ni kí ó jẹ́ ẹlòmíràn.

Kí ni kí a gbìn? Ẹ gbọ́ bí ọjọ́ wọn ti rí.

Tẹ̀tẹ̀ ni ó ń yára jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ ti lè máa já a.

Ṣọkọ yòkòtò àti ewédú ń fẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Irúgbìn ewédú a máa sùn pẹ́ nínú ilẹ̀. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ń hó, kí ẹ yára yọ ọ́. Kò gbọdọ̀ pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe lè ka ení, èjì, dé ẹ̀wá lọ. Èyí ni yóò jí i.

Gbúre àti ewúro kò fẹ́ irúgbìn. Ẹ gé igi wọn, kí ẹ kì í bọ ilẹ̀, kí ẹ máa bomi rin ín.

Ilá ń fẹ́ tó oṣù 2. Tòmátì ń fẹ́ tó oṣù 3.

Ẹ má gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sí ebè kan lónìí, kí ẹ gbin òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá já ti àkọ́kọ́ tán, èkejì ti dé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ó ku ìbẹ́pẹ. Bí obìnrin bá gbin ìbẹ́pẹ nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù kejì, àwọn méjèèjì á jọ máa dàgbà ni. Nígbà tí a bá fi máa bí ọmọ, ìbẹ́pẹ ti ga, ó ti ń tanná. Fún oṣù 6 àkọ́kọ́, ọmú ìyá nìkan ni ọmọ yóò máa mu. Kò sí omi, kò sí àgbo. Nígbà tí oṣù 6 bá pé, tí ọmọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ìbẹ́pẹ ìyá rẹ̀ ti pọ́n, ó ń dúró dè é. Èyí tó pọ́n dáadáa ni a ń wí o. Kí aboyún má jẹ èyí tí kò pọ́n, nítorí oje funfun inú rẹ̀ kò dára fún un.

BÍ A ṢE Ń SE Ẹ̀FỌ́ NÁÀ

Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń bọ ẹ̀fọ́ títí yóò fi rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tí a ó sì fún omi rẹ̀ dànù. Oore tó wà nínú ẹ̀fọ́ náà ni a dà sí gọ́tà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹ̀fọ́ mọ́ nínú omi púpọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé e. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná.

Ara kì í tètè gba irin inú ẹ̀fọ́. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò mú un wọlé. Tòmátì, ata tútù, ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń mú un wọlé. Ẹja àti edé náà ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tíì ń lé e sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ má mu tíì mọ́ oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ẹ jẹun tán.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN NÍNÚ ỌGBÀ

Ìkíní, ẹ wọ bàtà. A ti sọ̀rọ̀ aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé.

Ìkejì, ẹ má fi ọwọ́ lásán tú ilẹ̀ tí ológbò ń yàgbẹ́ sí. Àrùn kan wà nínú ìgbẹ́ ológbò tí ó lè ti ara ìyá dé ara ọmọ inú, tí ó sì lè ba ojú tàbí ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ fi ọ̀rá tàbí ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti abẹ́ èékánná.

Ìkẹta, aboyún kò gbọdọ̀ fọ́n oògùn kòkòrò. Bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ̀fọ́, ẹ wọ́n eérú sí ewé rẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà. Kí ẹ fọ̀ ọ́ kúrò dáadáa kí ẹ tó sè é.

Ìkẹrin, ẹ má jẹ́ kí omi dúró nínú agolo, táyà tàbí kòtò ní àyíká ọgbà. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń pamọ sí. Ẹ sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọ̀n ní alaalẹ́, kí ẹ sì gba oògùn ibà tí wọ́n ń fún aboyún ní ilé ìwòsàn láti oṣù kẹrin lọ.

Ìkarùn-ún, ẹ má ru garawa omi. Ẹ fi agolo kékeré tí a lu ihò sí ìdí rẹ̀ bomi rin ọgbà ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jókòó lórí àpótí bí ẹ bá ń tu koríko. Bí oòrùn bá ti ń mú, ẹ wọlé.

IṢẸ́ ABẸ́RẸ́

Nígbà tí oòrùn bá mú, tí ẹ ti wọlé, àkókò abẹ́rẹ́ dé.

A mọ ohun tí àwọn ìyá àgbà kan yóò sọ. Wọn yóò ní kò yẹ kí a máa pèsè aṣọ fún ọmọ tí a kò tíì bí. A kò bá wọn jà. Ojú wọn ti rí nǹkan. Ní ayé wọn, ọmọ púpọ̀ ni kì í dúró, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti fi ẹnu sọ ìrètí jáde. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn náà ni wọ́n kọ́ wa pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí ìrọbí bá dé lóru, ìgbà wo ni a ó wá aṣọ?

Ọ̀nà kan wà tí inú àwọn àgbà fi ń dùn sí i. Ẹ má lọ ra aṣọ tuntun. Ẹ lọ bá ìyá àgbà fúnra rẹ̀, kí ẹ tọrọ ìró rẹ̀ tó ti gbó, tí ó ti rọ̀. Ẹ sọ fún un pé ara ọmọ tuntun kò fẹ́ aṣọ líle. A ti rí ìyá àgbà kan tí ó ti ń kọ̀ láti ọjọ́ yìí, tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n tọrọ ìró rẹ̀, òun gan-an ló jókòó tí ó ń bá wọn ṣẹ́ etí ìlédìí.

Bí a ṣe ń ṣe ìlédìí nìyí. Ẹ gé aṣọ náà ní ínǹṣì 27 ní gígùn àti 27 ní ìbú. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ yí po kí òwú má tú. Bí ẹ bá ní 24, ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ híhun lè hun fìlà kan àti ibọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má fi bọ́tìnnì sí aṣọ ọmọ, nítorí ó lè já kí ọmọ gbé e mì. Okùn aṣọ ni kí ẹ lò. Ẹ má sì rán ìrọ̀rí fún ọmọ tuntun. Kò nílò rẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí a fi tẹ́ ẹ lórí ibùsùn tó tẹ́jú.

Bí a bá ti jókòó tó ìdajì wákàtí, kí a dìde, kí a rìn yí ilé ká díẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà wú.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, a mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ ti àdìrẹ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ dára fún aboyún ní apá kan. Kí ó jókòó, kí ó fi ìyẹ́ adìyẹ ti ẹ̀kọ láfún bọ aṣọ, kí ó ya ohun tó wù ú, kò sí ewu kankan. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè di ọ̀já tí yóò fi pọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò aró kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Sódà tí wọ́n ń dà sí aró lóde òní ń bó ni lára, òórùn rẹ̀ sì ń ta ni nímú. Ẹlòmíràn ni kí ó bá a rẹ ẹ́.

Ọ̀RỌ̀ KÁŃFỌ̀

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a ti sọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Ọ̀kan nínú àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti pèsè aṣọ ọmọ sílẹ̀, ó tò ó sínú àpótí, ó sì ju káńfọ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó bí ọmọ láyọ̀. Ó yọ aṣọ, ó wọ̀ ọ́ fún un. Ní ọjọ́ kẹta, ojú ọmọ di àwọ̀ ìyeyè. Ní ọjọ́ kẹrin, àyà àti ikùn rẹ̀ náà di àwọ̀ ìyeyè. Ọmọ kò fẹ́ mu ọmú mọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e sí oòrùn. Àwọn kan ní kí wọ́n fún un ní omi ìbẹ́pẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ rẹ̀ tí ó ní ilé ìwòsàn ni àwọn ń lọ.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ẹ fi káńfọ̀ sí aṣọ rẹ̀?" Ó ṣàlàyé pé nínú wa, àwọn ọmọ púpọ̀ wà tí a bí ẹ̀jẹ̀ tí kò lágbára tó mọ́, tí ìyá àti bàbá wọn kò sì mọ̀. Bí òórùn káńfọ̀ bá wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́. Ohun tó fọ́ náà ni ó ń sọ ara di àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá pọ̀ jù, á dé ọpọlọ. Ó lè pa ọmọ. Ó lè di í létí. Wọ́n tẹ́ ọmọ náà sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù fún ọjọ́ mélòó kan. A dúpẹ́ pé ó yè. Ṣùgbọ́n a kò lè gbàgbé àpótí aṣọ yẹn. Ọwọ́ ìfẹ́ ni ó fi tò ó, àìmọ̀ ni ó fi káńfọ̀ sí i.

Nítorí náà, kò sí káńfọ̀ nínú aṣọ ọmọ. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá tó mọ́ tàbí garawa tó ní ìdérí. Ẹ má sá a sórí koríko. Eṣinṣin kan wà tí ó ń yé ẹyin sórí aṣọ tútù. Ìdin rẹ̀ á wọ awọ ara ọmọ, á di eéwo. Okùn ni kí ẹ sá aṣọ sí, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀.

ÌWÉ KÉKERÉ

Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ jẹ́ kí ìwé ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kan. Ó fi í hàn wá. Ohun tó kọ nìyí:

Oṣù 3, ọjọ́ 28. Mo lọ sí ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 8.
Oṣù 4, ọjọ́ 4. Mo gbin tẹ̀tẹ̀.
Oṣù 4, ọjọ́ 25. Ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 9.
Oṣù 4, ọjọ́ 29. Mo já tẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́.
Oṣù 5, ọjọ́ 23. Ìwòsàn. 10. Mo ṣẹ́ etí ìlédìí 6.
Oṣù 6, ọjọ́ 20. Ìwòsàn. 11. Ọpẹ́ ni.

Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ní oṣù keje, a gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ.

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí aboyún rí àwọn olùtọ́jú tó ìgbà 8, ó kéré tán, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó kọjá. Ẹ kọ ọjọ́ wọn sínú ìwé yín kí ẹ má baà gbàgbé.

Ẹ̀YIN BABA

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹni tó kọ ebè, tó pọn omi, tó fi owó ọkọ̀ ìwòsàn pamọ́, òun náà ń tọ́jú oyún. Ẹ má wò ó bí iṣẹ́ obìnrin.

Bí ìyàwó yín bá sọ pé orí ń fọ́ òun gan-an, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú. Bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí omi bá dà, tàbí bí ọmọ inú kò bá mira mọ́, ẹ má ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹ fi ọgbà sílẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa parí. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn tẹ̀tẹ̀, ó wà lórí tábìlì níwájú. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nígbà tí ẹ bá ń lọ. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn ín, kí ẹ sì mú ìwé yín wá kà fún wa ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin aboyún tó wà láàárín wa, wẹ́rẹ́ ni ẹ ó bí. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ó dàárọ̀ o.